Ọgbọ̀n Òògùn Kí Ó Tó Padà Wálé

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà

Ọ̀gá Àgbà ilé iṣẹ́ wa ti fọwọ́ sí i. Ọgbọ̀n òògùn, márùn-ún lọ́sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìyàwó mi á yẹ̀ wọ́n wò lórí ẹ̀rọ kékeré tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní èbúté, á bu díẹ̀ nínú lẹ́búlẹ́bú kọ̀ọ̀kan sínú bébà, á fi wọ́n rán dírẹ́bà sí mi pẹ̀lú ìlà tí ẹ̀rọ rẹ̀ tẹ̀ sórí bébà, èmi náà á sì yẹ̀ wọ́n wò lórí ìkejì ẹ̀rọ náà níbí. Bí ìlà tirẹ̀ àti ìlà tèmi bá bára mu, tí máàkì ìbámu wọn nínú ọgọ́rùn-ún ò sì wá sílẹ̀ ju 95 lọ lórí òògùn kankan, a jẹ́ pé ẹ̀rọ èbúté ṣe é fọkàn tán. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tí wọn kì í ṣe onímọ̀ òògùn á lè máa fi í mú ayédèrú òògùn fúnra wọn, ìyàwó mi á sì padà wálé.

Bí kò bá bára mu, á dúró síbẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, títí àwọn tó ta ẹ̀rọ fún wa á fi rán ẹni tó máa wá tún un ṣe. Ọ̀gá Àgbà sọ èyí bí ẹni tó ń sọ pé ó dà bíi pé òjò máa rọ̀. Omi gbígbóná ló ń mu lọ́wọ́.

Ó pé oṣù márùn-ún lónìí tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí èbúté. Mo ra ìwé yìí nígbà tí mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, nítorí mo ti bá ògiri sọ̀rọ̀ tó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹfà

Dírẹ́bà dé ní aago mẹ́wàá, ẹrẹ̀ dé eékún rẹ̀. Ó ní ọ̀nà èbúté ti di odò, pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun sọ̀ kalẹ̀ ti ọkọ̀. Ó gbé àpò ìwé lé mi lọ́wọ́ bí ẹni tó gbé ẹyin. Bébà márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, ìyàwó mi ti ká wọn dáadáa, ó sì kọ nọ́ńbà sára wọn pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Mo lọ̀ wọ́n kúnná nínú odó kékeré, mo bu díẹ̀ sójú dáyámọ́ǹdì, òkúta kékeré tí ẹ̀rọ fi ń wo òògùn, mo yí apá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo ń wo bí ìlà ṣe ń jáde. 96, 97, 95, 96, 97. Kò ga tó bí mo ṣe rò fún ẹ̀rọ méjì tí wọ́n jọ jáde lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n ó wọlé. Mo fọwọ́ sí ìwé àyẹ̀wò.

Ọmọ wa wá bá mi ní lábù lẹ́yìn iléèwé. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, Agbẹjọ́rò la sì ń pè é nílé, nítorí kò sí ohun tí kì í jiyàn lé lórí. Ó bi mí pé kí ni ẹ̀rọ tí kò ju páálí bàtà lọ yìí ń ṣe. Mo ní ó ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò rí sára òògùn, òògùn á gbé díẹ̀ mì nínú ìmọ́lẹ̀ náà, ìlà ojú kọ̀ǹpútà sì ni ó ń sọ èyí tó gbé mì. Mo ní kò sí òògùn méjì tó ń gbé e mì bákan náà. Ó ní bí ojú ò bá rí i, báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ó tàn. Mo ní kó jẹ búrẹ́dì rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Aṣọ iléèwé ò gbẹ, áyọ́ọ̀nù ni mo fi lé omi kúrò lára rẹ̀. Gáàsì ti tún wọ́n sí i. Irú nǹkan báyìí ni èèyàn máa ń fẹ́ ròyìn fún ẹnì kan, ẹni náà ò sì sí nílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹfà

96, 95, 97, 96, 96. Mẹ́wàá ti pé.

Ohun kan ti ń dà mí láàmú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Gbogbo ìlà tí ìyàwó mi ń fi ránṣẹ́ ló ní ìwo kékeré méjì tí wọ́n dúró ti ara wọn, níbi tí kò yẹ kí nǹkan kan wà. Tèmi ò ní in. Mo wò ó títí kí n tó rántí, ẹ̀rín wá pa mí débi pé akọ̀wé yọjú wò mí láti yàrá kejì. Èémí ni. Afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí síta ló máa ń hu irú ìwo bẹ́ẹ̀ bí ó bá ti pọ̀ jù níwájú ẹ̀rọ. Ìyàwó mi kì í fẹ́ wọ awò ojú rẹ̀. Ńṣe ló máa ń tẹ̀ ba ẹ̀rọ bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí, á sì máa mí sí i lára. Fún ọdún méje tí a fi jọ wà ní lábù yìí, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé, ọ̀gá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbórí sókè.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, mi ò lè ṣiṣẹ́ mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Èémí ìyàwó mi ló wà lórí bébà níwájú mi. Ó mí in síta lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n gbé e gba inú ẹrẹ̀ kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo fi ìka tọ ìwo méjèèjì. Àárò rẹ̀ sọ mí débi pé ó ń dùn mí láyà, kò sì sí ìdí tí màá fi purọ́ nínú ìwé ara mi.

Mo kọ̀wé sí i pé kó jìnnà sí ẹ̀rọ díẹ̀. Ìwo náà ò pa máàkì lára, ṣùgbọ́n ìlànà ni ìlànà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹfà

Mo di irun Agbẹjọ́rò fúnra mi. Ó wo dígí, ó ní òun á máa dé fìlà títí Mọ́mì òun á fi dé.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹfà

A bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́sàn-án. Níbi iṣẹ́, ọ̀gá mi ni, èmi ni mo máa ń pè é ní ẹ̀yin. Bí a bá délé, mo di ọkọ, òun ló máa ń pè mí ní ẹ̀yin. Nígbà tó wà níbí, kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní ibi tó ti ń yí padà, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì mọ̀ ọ́n: ọ̀dọ̀ oníbàtà tó jókòó ní kọ́nà. Lórí fóònù kò sí kọ́nà. Ó béèrè máàkì òògùn kẹjọ, mo ní kí ẹ fọkàn balẹ̀. Ó béèrè bóyá ẹ ń fún ọmọ ní ẹ̀fọ́, mo ní ṣé o ò fọkàn tán mi ni. Kí a tó mọ̀, a ti dà á rú pátápátá, a ń pe ara wa ní ẹ̀yin bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí báńkì. Agbẹjọ́rò gba fóònù, ó ní ta ni ọ̀gá nínú yín gan-an.

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Mo gbé fóònù mọ́ etí títí ẹ̀rín náà fi tán.

Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo ṣì ń sùn sí lórí ibùsùn, mi ò gba ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Aṣọ ìbora rẹ̀ ò ní òórùn rẹ̀ mọ́, òórùn ọṣẹ ló ní. Èmi ni mo fọ̀ ọ́, ní oṣù kejì tó lọ, láìronú. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ti lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kẹfà

95, 96, 95, 97, 96. Ìdajì ọ̀nà.

Ọkàn mi balẹ̀ débi pé mo sọ ọjọ́ fún Agbẹjọ́rò. Mo ní Mọ́mì ń bọ̀ ní Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀. Ó béèrè aago mélòó. Mo ní ọ̀sán. Ó ní ọ̀sán gùn. A dúnàá-dúrà títí, a sì fẹnu kò sí aago méjì.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹfà

Iná lọ láti aago mẹ́jọ. Ẹ̀rọ ńlá àtijọ́ tó wà lábẹ́ aṣọ ní igun ibẹ̀ yẹn, bí iná bá lọ báyìí, ilé ni gbogbo wa ń gbà lọ. Èyí ń fi bátìrì rẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ ní tirẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Mo ń bá a mọ́ra díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kẹfà

96, 96, 95, 97, 95. Ogún. Ó ku mẹ́wàá.

Yàtọ̀ sí bébà márùn-ún, dírẹ́bà mú bàtà wá. Ìyàwó mi ló rà á fún Agbẹjọ́rò, pupa, olókùn. Ọmọ náà wọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ó wọ̀ ọ́ rìn wálé, ó wọ̀ ọ́ jẹun. Ó ní ó bá òun mu rẹ́gí.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Oṣù Kẹfà

Mo rí gìgísẹ̀ ọmọ mi níbi tí mo ti ń wẹ̀ fún un. Ó ti bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ tó ní nínú oṣù kìíní ni ìyá rẹ̀ fi ra bàtà náà. Mo ní kí ló dé tí o ò sọ fún mi. Ó ní bàtà náà ò há, ẹsẹ̀ òun ló tóbi.

Mi ò sọ fún ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Keje

Òògùn kọkànlélógún, èyí tí wọ́n ń lò fún inú rírun. 81.

Mo nu dáyámọ́ǹdì, mo tún un ṣe. 81. Mo tún òfìfo yẹ̀ wò, ìyẹn láìgbé nǹkan kan lé e, ó mọ́ tónítóní. Mo tún òògùn náà ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. 80. Níbi tí ìlà tirẹ̀ ti yọ orí méjì tó mú ṣóńṣó, ọ̀kan péré ni tèmi yọ, ó tún fẹ̀. Ó dà bíi pé òògùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la gbé lé e.

Mi ò fọwọ́ kan àwọn mẹ́rin yòókù. Mo gba ilé lọ. Mi ò rántí bí mo ṣe gba ọ̀dọ̀ oníbàtà kọjá.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Keje

Ọ̀gá Àgbà wo ìlà méjèèjì fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ẹ̀rọ èbúté ló bàjẹ́, pé iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti jẹ ẹ́. Ó ní òun á dúró di ọjọ́ Ẹtì. Bí máàkì bá ṣì wà bẹ́ẹ̀, òun á kọ̀wé sí àwọn tó tà á, ìyàwó mi á sì dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀.

Mo pe ìyàwó mi. Ó ti tún tirẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò yí padà. Ó ń bi mí ní ìbéèrè iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ le, àmọ́ nígbà tó dé orí ìkẹrin, ohùn náà fọ́. Ó ní òun á pè padà. Kò pè.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Keje

Mo gbọ́dọ̀ kọ eléyìí bó ṣe rí gan-an.

Lẹ́búlẹ́bú òògùn náà ti tán, nítorí gbogbo rẹ̀ ni mo ti lọ̀. Mo tú bébà rẹ̀ nínú agbọ̀n ìdọ̀tí, mo rí ìwọ̀nba tó fara pamọ́ sínú ìṣẹ́po rẹ̀, kò ju ohun tí èékánná lè bù lọ. Odó kékeré wà nínú omi ọṣẹ. Mi ò fẹ́ dúró kó gbẹ, mo kàn gbọn díẹ̀ nínú hóró náà sójú dáyámọ́ǹdì, mo tẹ̀ ẹ́. 98.

Mo jókòó. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo nu odó gbẹ, mo lọ ìyókù bí mo ṣe máa ń lọ̀ ọ́. 81.

Ọwọ́ mi ni. Kì í ṣe ẹ̀rọ rẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi lo ẹ̀rọ ńlá yẹn. Lórí tirẹ̀, bí o ò bá lọ òògùn mọ́ iyọ̀ funfun títí yóò fi dà bí ìyẹ̀fun, tí o ò sì tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ bí owó kọ́bọ̀, kò ní rí nǹkan kan. Ẹ̀rọ kékeré ò béèrè ìyẹn. Ìlà kẹrin nínú ìlànà tí ìyàwó mi fúnra rẹ̀ kọ ni pé kí a má lọ̀ ọ́, torí lílọ̀ a máa tú bí hóró àwọn òògùn kan ṣe tò jọ, ìlà wọn á sì yí padà. Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n kọ́ mi níléèwé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti ń lọ òògùn kí orí mi tó jí lójoojúmọ́, ogún òògùn ni mo sì ti lọ̀ báyìí tí mo fọwọ́ sí ìwé pé mi ò lọ̀. Abájọ tí máàkì wọn fi ń rá pálá ní 95, 96.

Mo ṣe àwọn mẹ́rin tó kù láìlọ̀ wọ́n. 99, 98, 99, 98.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Oṣù Keje

Mo gbé 98 fún Ọ̀gá Àgbà. Ó béèrè kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní mo tún un yẹ̀ wò ni, sà. Irọ́ kọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n kí ìyàwó mi. Ìyàwó mi sunkún ayọ̀ lórí fóònù, ó ní òun ti ń kó ẹrù.

Mo rò ó báyìí: ogún yẹn wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lọ̀ wọ́n. Márùn-ún péré ló kù, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, mi ò sì ní lọ̀ wọ́n. Ta ni máa mọ̀? Bí mo bá sọ ọ́, a máa tún ogún ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, márùn-ún lọ́sẹ̀ kan, oṣù kan gbáko nìyẹn. Mi ò ní agbára oṣù kan mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Keje

Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàwó mi ni. Mo jẹ́ kí Agbẹjọ́rò gbé e, mo ní kó sọ pé mò ń fọ aṣọ. Lóòótọ́ ni mò ń fọ aṣọ, mo sáré lọ rẹ aṣọ sómi kí ó lè jẹ́ òótọ́.

Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí mo ń yánhànhàn láti gbóhùn rẹ̀, èmi náà ló wá ń sá fún un yìí. Bó bá dé lọ́jọ́ Sátidé, báyìí la ó ṣe máa wo ara wa. Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè ìwé àyẹ̀wò náà, tèmi wà nísàlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tún ogún yẹn yẹ̀ wò lọ́jọ́ kan tí ìlà wọn ò sì bá ohun tí a kọ mu, òun ni wọ́n máa pè.

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Keje

Mo pè é ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹnu mi má baà yí.  Mo ń gbọ́ ìró ọkọ̀ ẹrù lẹ́yìn rẹ̀.

"O lọ̀ ọ́," ó ní. Ohùn ọ̀gá ni.

"Mo lọ̀ ọ́, mà."

"Gbogbo ogún?"

"Gbogbo ogún."

"O sì fọwọ́ sí i pé o ò lọ̀."

"Mi ò ka ibẹ̀ mọ́ kí n tó fọwọ́ sí i. Ọwọ́ mi ló lọ̀ ọ́."

"Kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀, bó o ṣe sọ ọ́ fún mi yìí. Gbé e fún wọn lọ́la kí wọ́n tó béèrè."

Mo ní ó dára. Mo rò pé ó ti pa fóònù. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn rẹ̀, kò le mọ́ rárá.

"Mo ti di àpótí mi," ó ní. "Ẹ ò mọ̀ pé mo ti di àpótí mi?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Keje

Márùn-ún ìkẹyìn dé. Gbogbo wọn lé ní 98. Ìdùnnú wo ló wà nínú ìyẹn.

Ọ̀gá Àgbà ka ìwé mi lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní máàkì ogún yẹn wọlé, kí ló dé tí mi ò dákẹ́. Mo ní orúkọ ìyàwó mi ló wà lókè ìwé.  Ó ní a jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nìyẹn, márùn-ún lọ́sẹ̀ kan bí ìlànà ṣe wí, pé òun ò lè gé e kúrú nítorí pé ọkọ rẹ̀ ni mí. Mo ní mi ò béèrè bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni, mo fẹ́ béèrè.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo sọ fún Agbẹjọ́rò.

"Ẹ sọ pé Sátidé," ó ní. "Aago méjì."

"Mo mọ̀."

"Kí ni Mọ́mì ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣàṣìṣe níbi iṣẹ́."

Ó rò ó. "Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n."

Mo ní mo ti bẹ̀ wọ́n. Ó ní kí n tún lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Keje

Ó wọ bàtà pupa náà, ó fi gìgísẹ̀ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti aago kan. Mo ní Mọ́mì ò ní wá lónìí. Ó ní òun mọ̀. Mi ò ní kó wọlé. Mo gbé àpótí ìjókòó wá, mo jókòó tì í. Òjò ló lé àwa méjèèjì wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́ta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Keje

99, 98, 99, 99, 98. Mo fi odó kékeré sínú dúrọ́ọ̀, mo fún akọ̀wé ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó bi mí ṣé odó ń jalè ni.

Ìyàwó mi fi ìwé kékeré sáàárín bébà kejì àti ìkẹta. Ó kọ ọ́ pé inú ti ń bí òun láti ọjọ́ Ajé, pé ó ti rọlẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, pé bí òun bá wà ní ipò mi òun ì bá ti dákẹ́, inú ìyẹn ló tún wá ń bí òun jù. Ó ní kí n má fèsì. Mo kà á títí ó fi rọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Keje

98, 98, 99, 97, 99. Òjò. Àárò rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Oṣù Keje

99, 99, 98, 98, 99. Ó ku márùn-ún.

Eyín Agbẹjọ́rò kan yọ láàárọ̀ yìí, èyí tó kọ́kọ́ yọ rárá, kò sì dúró dé ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo pe ìyá rẹ̀ kó lè sọ fún un fúnra rẹ̀. Ó gba fóònù, ó ní ẹ káàárọ̀ mà, ó gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ó gbé fóònù padà fún mi. Kò mẹ́nu ba eyín. Ìyá rẹ̀ ní ṣé ara rẹ̀ yá. Mo ní ara rẹ̀ yá.

Kì í jiyàn mọ́ bí mo bá dárúkọ ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ kejìlá ni. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ti gbà fún mi ni, inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀ pé ọ̀rọ̀ rọrùn. Òmùgọ̀ ni mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹjọ

98, 99, 99, 98, 99. Ó parí. Ọgbọ̀n pé, kò sí èyí tí mo lọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀gá Àgbà fọwọ́ sí i níwájú mi. Ó ní ẹ̀rọ èbúté ti yege, kí n sọ fún ìyàwó mi pé kó máa bọ̀. Mo fẹ́ dúpẹ́, mo kàn di ilẹ̀kùn mú. Ó ní kí n lọ sílé.

Mi ò sọ ọjọ́ kankan fún Agbẹjọ́rò lọ́tẹ̀ yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹjọ

Mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń sá aṣọ, nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé òun ni. Dírẹ́bà ti pè mí pé àwọn ti wọ ìlú. Ohun tí mi ò retí ni kó kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀, kó sì dúró.

Agbẹjọ́rò ló ṣí i. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo wà, ohùn tó fi ń kí àwọn tó bá wá bá mi nílé.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Dádì mi ń bọ̀."

Nígbà tí mo fi dé pálọ̀, ìyàwó mi ti jókòó sí etí àga bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, báàgì rẹ̀ wà lórí itan. Ó ti rù. Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó wò mí, ojú rẹ̀ sì ń béèrè ohun kan lọ́wọ́ mi: ṣé oṣù mẹ́fà tí wọ́n rán òun lọ ló fa èyí, tàbí oṣù kan tí èmi fi kún un. Mo ní ìdáhùn, ó sì rí i lójú mi.  Mo fẹ́ gbá a mọ́ra, mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́.

Agbẹjọ́rò gbé omi wá fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó ń wò ó.

"Ẹ máa pẹ́?" ó béèrè.

"Mo máa pẹ́."

"Ẹ máa sùn síbí lónìí?"

"Mo máa sùn síbí."

"Lọ́la ńkọ́?"

"Lọ́la náà."

"Ọ̀tunla?"

"Ọ̀tunla."

Mo lọ bá dírẹ́bà já àpótí ìyàwó mi sílẹ̀. Ó wúwo, a ń sinmi lójú ọ̀nà. Nígbà tí a gbé e dé pálọ̀, wọ́n ṣì ń ka ọjọ́ tó máa sùn síbí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó mi ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga sí ilẹ̀, ọmọ ti sún mọ́ ọn dé orúnkún, wọ́n sì ti wọ oṣù kẹwàá.